Ìtàkùn Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Warri

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé láti ẹnu admin. Akọ̀wé wa ló tẹ̀ ẹ́ jáde láti inú voice note márùn-ún, nítorí àwọn tí data wọn kò gbé e àti àwọn tí kì í lè gbọ́ nǹkan nínú ariwo ọjà.

   Èmi admin yín náà ni, èmi tí mò ń ta táyà. Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé admin tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bínú, ẹ kàn máa gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa béèrè lórí gúrúùpù yìí pé ọmọ òun tó wà ní Aberdeen, ní Scotland, ra ilé, ó sì fẹ́ gbin nǹkan tó máa fà mọ́ ọgbà ẹ̀yìnkùlé, tí ewé rẹ̀ kò ní wọ́ dànù tí òtútù bá dé. Kí ni kó gbìn? Ẹ̀rín ni àwọn kan fi fèsì. Ẹnì kan ní kó gbin ugwu. Èmi ò rẹ́rìn-ín o, torí ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń ka nǹkan nípa ìtàkùn, láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹgbẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ tá a rà láti fi kọ́ gbọ̀ngàn wa, igbó kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìtàkùn ńlá kan wà nínú igbó yẹn tí bàbá tó ta ilẹ̀ fún wa bẹ̀ wá pé ká má gé. Bí àwọn kan ṣe ń sọ pé ká kó katapílà wọ ibẹ̀ ni àwọn kan ń sọ pé rárá. Máa dáhùn ìyá wa, máa sì dé orí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn ìtàkùn yẹn, torí ìtàn ló jẹ́ kí èmi mọ ibi tí mo dúró sí.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ìtàkùn kan wà láyé yìí tó jẹ́ pé orúkọ Warri ni àwọn onímọ̀ ewéko fi ń pè é níbi gbogbo? Kì í ṣe àwàdà. Ẹ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lọ sí Japan, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ nípa ewéko, orúkọ kan náà ló máa pè fún yín: Landolphia owariensis. Ọ̀rọ̀ kejì yẹn, ẹ yọ ìrù rẹ̀ kúrò, ohun tó kù ni Owari. Láyé àtijọ́, bí àwọn òyìnbó ṣe máa ń kọ orúkọ ìlú yìí nìyẹn, Oware, Owhère, Warree, bó bá ṣe gbọ́ sí kálukú wọn létí. Ìrù tó wà níbẹ̀ túmọ̀ sí pé ti ibẹ̀ ni. Ìtàkùn ará Warri. Warri no dey carry last, títí dórí ìtàkùn!

Ẹ mọ ìtàkùn náà, bí ẹ ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Èso rẹ̀ ni àwọn ará wa Ìgbò ń pè ní utu, tí wọ́n máa ń tà nínú abọ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Ó rí róbótó, tó bá pọ́n àwọ̀ rẹ̀ á dà bí ọsàn, ẹ ó fọ́ èèpo rẹ̀, ẹ ó mu inú rẹ̀, ó dùn, ó sì kan díẹ̀. Tí ẹ bá sá ara ìtàkùn yẹn lọ́gbẹ́, oje funfun ló máa ń sun bíi wàrà, tí oje yẹn bá sì dì, ó di rọ́bà. Àwọn àgbà kan nílé wa ń pè é ní ìbò. Kì í wọ́wé. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, òjò dé, ọyẹ́ dé, tútù ló wà. Á gun igi tó súnmọ́ ọn, á gba orí ìyẹn bọ́ sórí òmíràn, títí á fi dé òkè níbi tí oòrùn wà. Ìtàkùn tó wà lẹ́yìn ilẹ̀ wa nìyẹn. Èmi fúnra mi lọ wò ó, mo sì jẹ èso rẹ̀.

Báwo wá ni orúkọ Warri ṣe dé ara rẹ̀? Ní ọdún 1786, ọkọ̀ ojú omi kan kúrò ní ilẹ̀ Faransé, ó ń bọ̀ níbí. Ọ̀gá ọkọ̀ náà ń jẹ́ Jean-François Landolphe. Ẹrú ló ń rà, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ó fẹ́ kọ́ ibùdó òwò sí ẹnu odò Benin, kí àwọn Faransé lè máa bá Olú Warri àti Ọba Benin dòwò pọ̀ láìsí pé òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ń dá wọn lọ́wọ́ kọ́. Nínú ọkọ̀ yẹn, ọmọ ọba Ìtsẹkírì kan wà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bíi Boudakan. Ó ti lọ gbé ní Faransé, ó ń padà bọ̀ wálé. Ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀ ni Palisot de Beauvois. Lọ́yà ni ọkùnrin yẹn, ọmọ olówó, ṣùgbọ́n ewé àti kòkòrò ló gbà á lọ́kàn. Ẹ fojú inú wò ó ná: ẹni tó ń wá ẹrú, ẹni tó ń wá ilé bàbá rẹ̀, àti ẹni tó ń wá ewé, gbogbo wọn nínú ọkọ̀ kan.

Oṣù kọkànlá ni wọ́n gúnlẹ̀. Ó tó bí oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí Palisot fi ń rìn káàkiri ilẹ̀ yìí, ó sì dé Benin. Á já ewé, á fi ìwé tẹ̀ ẹ́ kó lè gbẹ, á yà á, á kọ ohun tó rí. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa, ta ló ń mú un wọgbó? Òyìnbó tí kò gbọ́ èdè, tí kò mọ ọ̀nà, kò lè dá rìn nínú irà Warri kó sì yọ láyọ̀. Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tó mọ ewé ló ń tọ́ka sí i, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìtàkùn yìí. Nígbà tó di pé kó fún un lórúkọ, orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọ̀gákọ̀ ló fi ṣe ti ìṣáájú, Landolphia, orúkọ ìlú ló sì fi ṣe ìkejì. Olówò ẹrú àti Warri, títí ayé, lórí ìtàkùn kan ṣoṣo.

Ibà pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó tẹ̀lé Landolphe wá. Palisot náà ṣàìsàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ẹrú tó ń lọ sí Saint-Domingue, èyí tí à ń pè ní Haiti lónìí, ó dé ibẹ̀ ní 1788. Lẹ́yìn náà ni àdánù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1792, àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì láti Liverpool kógun ja ibùdó Landolphe, wọ́n bà á jẹ́, ohun tí Palisot fi sílẹ̀ níbẹ̀ bá a lọ. Ní 1793, iná sọ ìlú Cap-Français di eérú nígbà tí àwọn ẹrú Saint-Domingue ti dìde fún òmìnira wọn, ẹrù rẹ̀ tó wà níbẹ̀ náà jóná. Ó sá lọ sí Philadelphia ní Amẹ́ríkà láìní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní Faransé, ó ń fọn fèrè nínú ẹgbẹ́ olórin kó tó lè jẹun. Mi ò ní kí ẹ káàánú rẹ̀ jù o. Ọkùnrin yìí wà lára àwọn tó ń kọ̀wé pé kí wọ́n má dá àwọn ẹrú sílẹ̀. Ó rí ilẹ̀ wa, ó mọ ewé wa dáadáa, ṣùgbọ́n ojú tó fi rí ewé kọ́ ló fi rí ènìyàn.

Ohun tó gbà á ni pé kó tó di pé gbogbo èyí ṣẹlẹ̀, ó ti ń fi ewé ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀gá onímọ̀ ewéko kan ní Paris tó ń jẹ́ Jussieu. Ìwọ̀nba tó ti lọ ṣáájú yẹn ló kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kó gbogbo ọjà yín sínú ọkọ̀ kan ṣoṣo láti Èkó, ṣé ẹ gbọ́? Ó padà sí Faransé ní 1798, láti 1804 ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ńlá kan jáde nípa ewéko Oware àti Benin, àwòrán ọgọ́fà ló wà nínú rẹ̀. Ìtàkùn wa wà níbẹ̀. Igi ògùrọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí wọ́n ń pè ní Raphia vinifera. Ìtàkùn mìíràn tí kì í wọ́wé, èyí tí àwọn oníṣègùn wa ń pè ní àgùnmọ́nà, òun náà ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ fún àwọn òyìnbó. Tẹ́ ẹ bá bi mí, ìwé yẹn ni ìwé àkọ́kọ́ tó gbé igbó Warri jáde sí ayé.

Voice note kejì parí síbẹ̀. Ẹ lọ mu omi.

Fún nǹkan bí ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn ìwé yẹn, kò sẹ́ni tó bìkítà nípa ìtàkùn ará Warri níta. Igi lásán ni lójú wọn. Ẹrú ni wọ́n ń wá tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn epo pupa. Rọ́bà wà láyé, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Charles Goodyear, ti ṣàwárí ní 1839 bí wọ́n ṣe lè fi imí ọjọ́ àti iná sè é kó má baà máa yọ́ nínú oòrùn. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ rọ́bà di wúrà ni táyà. Ní 1888, ní ìlú Belfast, dókítà ẹran kan tó ń jẹ́ John Dunlop ṣe táyà tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú, fún kẹ̀kẹ́. Ṣé ẹ rí i, látibẹ̀ ni oúnjẹ tèmi ti ń wá títí dòní. Gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í gun kẹ̀kẹ́, kò pẹ́ mọ́tò dé. Kò sì tíì sí oko rọ́bà ńlá níbì kankan. Inú igbó ni gbogbo rọ́bà ti ń wá, láti Brazil àti láti ilẹ̀ adúláwọ̀.

Nílé wa ní ilẹ̀ Yorùbá, igi irẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ kọlù. Irẹ́ kì í ṣe ìtàkùn, igi gíga ni, ṣùgbọ́n ẹbí kan náà ni òun àti ìbò, oje funfun kan náà. Ní nǹkan bí 1894 ni ariwo rẹ̀ sọ. Àwọn ará Gold Coast tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ náà dáadáa wá, wọ́n ń fi han àwọn ènìyàn wa, gbogbo ọ̀dọ́ sì wọgbó. Rọ́bà tó gba Èkó jáde ní 1895 lé ní mílíọ̀nù márùn-ún ìwọ̀n pọ́n-ùn. Ní kílò, ó lé ní mílíọ̀nù méjì. Lọ́dún kan ṣoṣo! Bàbá mi àgbà máa ń sọ ohun tí bàbá tirẹ̀ sọ fún un, pé àwọn ènìyàn ń fi oko sílẹ̀ láìro, pé iṣu wọ́n nítorí rọ́bà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí irẹ́ pẹ́, ṣe ló yẹ kó sá a lọ́gbẹ́ díẹ̀, kó gba oje tó bá yọ, kó fi igi sílẹ̀ kó sinmi fún oṣù mélòó kan. Ta ló fẹ́ dúró? Tí o bá fi í sílẹ̀ lónìí, ẹlòmíràn á wá lọ́la, á gba ìyókù. Nítorí náà wọ́n ń sá a yípo láti ìsàlẹ̀ dé òkè, igi ń kú ní ìdúró. Àwọn kan tún ń da ìdọ̀tí àti èèpo igi mọ́ rọ́bà kó lè wúwo lórí ìwọ̀n, títí owó rẹ̀ fi já ní Liverpool. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún tuntun fi máa bẹ̀rẹ̀, igbó ti gbẹ, òwò náà ti wálẹ̀ pátápátá. Ìjọba tún wá ń sọ fún àwọn abúlé ní agbègbè Benin pé kí wọ́n gbin irẹ́ sí oko àjùmọ̀ni. Ẹyìn ọ̀la ni wọ́n ń sáré lé.

Ti ìtàkùn tún le jù ti igi lọ. Igi, o lè sá a lọ́gbẹ́ kó má kú. Ìtàkùn tó tín-ín-rín tó gùn, oje tó máa ń jáde níbi tí o bá sá kò pọ̀, ẹni tó bá ń kánjú á gé e lulẹ̀, á gé e wẹ́wẹ́, á dorí gbogbo rẹ̀ kọ inú abọ́. Ó ti pa á nìyẹn. Ọdún púpọ̀ ni òmíràn máa fi dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ìtàkùn ará Warri ti wá pa ènìyàn kò sí ní Warri. Kóńgò ni. Ìtàkùn yìí kan náà, Landolphia owariensis, ló pọ̀ jù nínú igbó Kóńgò. Láti 1885, Ọba Leopold Kejì ti Belgium ti sọ gbogbo ilẹ̀ yẹn di tirẹ̀, kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè rẹ̀ o, tirẹ̀ gan-an bíi ẹni tó ra pápá. Nígbà tí owó rọ́bà gòkè, wọ́n bu iye rọ́bà lé abúlé kọ̀ọ̀kan lórí. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ wọgbó lọ wá a. Tí kò bá mú un dé, wọ́n á ti ìyàwó rẹ̀ mọ́lé. Àwọn tó ń gba oje yẹn máa ń fi omi ewéko kan tó jẹ́ ẹbí tètèrègún mú un dì, tàbí kí wọ́n rẹ́ ẹ mọ́ àyà àti apá ara wọn kó gbẹ síbẹ̀, kí wọ́n wá ya á kúrò pẹ̀lú irun ara. Tí ìtàkùn tó wà nítòsí bá tán, wọ́n á lọ sí ọ̀nà jíjìn. Òfin wà lórí ìwé pé kí wọ́n má gé ìtàkùn, pé kí wọ́n gbin òmíràn. Lórí ìwé ni. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ wà ní àtìmọ́lé, ṣé òfin ìwé ló máa rò? Àwọn ṣójà sì gbọ́dọ̀ jíhìn ọta ìbọn tí wọ́n yìn, ọwọ́ òkú tí wọ́n gé ni wọ́n fi ń jíhìn, nígbà mìíràn ọwọ́ alààyè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí àwòrán àwọn ọmọ tí kò lọ́wọ́ mọ́, ibi tó ti wá nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí bí àṣírí náà ṣe tú, torí oníṣòwò ló tú u. Akọ̀wé kékeré kan wà ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster ní Liverpool, E. D. Morel lorúkọ rẹ̀. Elder Dempster yìí náà ló ń gbé ẹrù Èkó àti ti gbogbo etíkun wa nígbà yẹn. Iṣẹ́ Morel ni kó máa wo ìwé ẹrù àwọn ọkọ̀ tó ń lọ tó sì ń bọ̀ láti Kóńgò sí Antwerp. Kò tíì dé Kóńgò rí. Ìwé ẹrù nìkan ló ń kà. Ó rí i pé àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ kún fún rọ́bà àti eyín erin. Ó wo èyí tó ń lọ: ìbọn, ọta, ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n ọjà tí wọ́n lè fi san owó rọ́bà yẹn kò tó nǹkan. Ó bi ara rẹ̀ pé, kí ni wọ́n wá fi ń ra rọ́bà? Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mọ ìdáhùn. Wọn kò rà á. Ẹni tó ń gba ọjà tí kò sanwó, tó wá ń kó ìbọn lọ síbẹ̀, olè ni. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1901, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ní 1903, Roger Casement, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ti ṣiṣẹ́ ní Calabar tẹ́lẹ̀, wọ inú Kóńgò lọ fojú rí i, ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1904. Nígbà tó di 1908, wọ́n gba Kóńgò kúrò lọ́wọ́ Leopold. Iye ènìyàn tó ti kú kí ó tó dìgbà yẹn, mílíọ̀nù ni wọ́n fi ń kà á.

Nígbà tí mo ka ìyẹn tán, n kò lè ta táyà dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Orúkọ ìlú tí mò ń gbé ló wà lára nǹkan tí wọ́n fi gé ọwọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ìtàkùn náà kò mọ nǹkan kan.

Ohun tó dá gbogbo rẹ̀ dúró kì í ṣe àánú nìkan. Ní 1876, Henry Wickham kó ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin èso igi rọ́bà Brazil wá sí ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n hù ú nínú ilé onígíláàsì torí òtútù, wọ́n wá kó àwọn tó hù lọ sí Ceylon àti Singapore. Ogójì ọdún kò tíì pé tí oko rọ́bà Malaya àti Ceylon fi bo ti inú igbó mọ́lẹ̀, owó ìtàkùn já, wọ́n fi í sílẹ̀. Igi Brazil yẹn náà ni oko rọ́bà tẹ́ ẹ máa ń rí lójú ọ̀nà Sapele, tí wọ́n tò bí ọmọ iléèwé.

Ó yá, ìyá wa tó ní ọmọ ní Aberdeen, ẹ gbọ́ tiyín.

Ìtàkùn ará Warri kò lè gbé níta níbẹ̀ o. Òtútù ọjọ́ kan á pa á. Ìdí nìyẹn tí àwọn òyìnbó fi kọ́ ilé onígíláàsì, ilé ọ̀pẹ tó wà ní Kew látọdún 1848 jẹ́ ọ̀kan, wọ́n ń dáná sí i kí ewé ilẹ̀ wa má baà kú. Nínú àwọn ìtàkùn tí kì í wọ́wé tó sì lè fara da òtútù, mẹ́ta ni mo mú. Èkíní ni ivy, Hedera helix. Ọmọ ilẹ̀ wọn ni, yìnyín ń bọ́ lé e lórí, á tutù rẹ́súrẹ́sú. Òun fúnra rẹ̀ á fi gbòǹgbò kéékèèké di ògiri mú, kò nílò okùn. Ṣùgbọ́n alágídí ni. Tí símẹ́ńtì ògiri bá ti gbó, á wọ ibẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, wọ́n fòfin de títà rẹ̀ ní 2010 torí ó ń gun igi inú igbó pa. Ìtàkùn tó bá ní kí igi má rí oòrùn, ẹ mọ ibi tọ́rọ̀ máa já sí.

Ìkejì ni Euonymus fortunei, ewé kéékèèké, àwọn kan ní funfun létí. Kì í sáré, òtútù kì í dẹ́rù bà á. Ìkẹta ló wù mí jù, Trachelospermum jasminoides, òdòdó funfun tó ń rùn dídùn, tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ràn láti gbìn sára ògiri. Ẹ gbọ́ o, ẹbí kan náà ni òun àti ìbò, ẹbí kan náà ni òun àti irẹ́. Tẹ́ ẹ bá gé e, oje funfun ló máa yọ. Ọkùnrin ará Scotland kan, Robert Fortune, ló mú un wá láti Shanghai ní 1844, Fortune yìí náà ni orúkọ rẹ̀ wà lára ìkejì, òun náà ló kó tíì China lọ sí India fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Bí Palisot ṣe ṣe níbí náà ni: òwò ń lọ, ewé ń tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n Aberdeen tutù ju Lọ́ńdọ̀nù lọ. Tí òtútù bá kọjá bí ìwọ̀n mẹ́wàá lábẹ́ òdo, ìbátan wa yìí lè kú. Tí ọmọ bá ní ògiri tó kọjú sí gúúsù, tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ bà tààrà, kó dán an wò. Tí kò bá ní, kó gbin Euonymus sídìí ọgbà, kó jìnnà sí ivy àyàfi tó bá máa rántí gé e lọ́dọọdún. Kó gbìn ín kí òtútù tó wọlé, kí gbòǹgbò lè mú ilẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa. Àwọn tó ní ká gé ìtàkùn yẹn kì í ṣe ènìyàn burúkú, mo fẹ́ kí ìyẹn yé wa. Ìyá Àlájà ní ejò lè gba ibẹ̀ wọlé, òótọ́ ni. Àwọn kan ní olè lè sá pamọ́ síbẹ̀ tí ìpàdé bá pẹ́ lálẹ́, òótọ́ ni ìyẹn náà. Ẹnjiníà wa ní tá a bá yí ògiri sẹ́yìn fún ìtàkùn náà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá la máa pàdánù, yàrá ìkẹ́rù á kéré. Ilẹ̀ náà, a ti sanwó rẹ̀ pé, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, kò sí ẹni tó lè sọ pé a ò lẹ́tọ̀ọ́.

Ṣùgbọ́n bàbá tó ta ilẹ̀ fún wa kò béèrè owó sí i. Kò sọ pé òrìṣà wà níbẹ̀. Ohun tó sọ ni pé àwọn ọmọ-ọmọ òun ń ká èso rẹ̀ tà lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn kí wọ́n lè ra ìwé, àti pé òun bá a níbẹ̀ nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Àlejò ni wá nílùú yìí, bó ti wù ká pẹ́ tó. Àwọn ará ibí ti gbà wá, a ń jẹ, a ń mu, àwọn ọmọ wa ń sọ Pidgin ju Yorùbá lọ. Ohun kan ṣoṣo tí ẹni tó fún wa nílẹ̀ tọrọ ni pé ká má gé okùn kan. Lójú tèmi, ká yí ògiri, ká gbé yàrá ìkẹ́rù sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ká ro abẹ́ ìtàkùn náà mọ́ kí ejò má ríbi sá sí, ká fi iná sólà kan síbẹ̀ nítorí olè. Àwọn igi méjì tó gùn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n, torí tí igi bá ṣubú, ìtàkùn bá a lọ. Mo ti béèrè iye iná sólà náà, owó rẹ̀ kò tó owó katapílà ọjọ́ kan.

Admin kọ́ ló máa pinnu. A máa dìbò lórí ìbò, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, níbi tá a ti máa ń ṣe ìpàdé. Ẹni tó bá ní ọ̀nà mìíràn tí yàrá ìkẹ́rù kò fi ní kéré, kó yà á sórí ìwé mú wá, kó má kàn sọ ọ́ lẹ́nu. Owó oṣù gbọ́dọ̀ pé kí ènìyàn tó lè dìbò, akápò ni kí ẹ pè nítorí ìyẹn, ẹ má pè mí.